Odò Tó Ń Gbóná àti Ilé Mẹ́ta Tí Àríyìíkẹ́ Kọ́ Nígbó Iwin

Ẹ fa àpótí yín wọ inú díẹ̀. Òjò yìí ń lu páànù bí ẹni pé ó ń bá a jà, ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò ní gbọ́ mi, èmi náà kò sì lè pariwo, nítorí eyín iwájú tó ń bá mi di ohùn mú ti lọ bá àwọn baba rẹ̀. Mo mọ̀ pé òjò ló kó yín wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, kì í ṣe ìfẹ́. Kò burú. Ẹran tí òjò bá lé wọ ahéré ọdẹ, ẹran ọdẹ náà ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò lè jáde, ẹ ó gbọ́ tèmi, èmi Ọdẹ́jìnmí, ọkùnrin tí ẹfọ̀n rí tó sá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni, ẹfọ̀n sá lójú mi. Ó kàn jẹ́ pé iná ìgbẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà, èmi náà sì ń sá.

Ìyá Ràfá ń béèrè pé nínú èmi àti ẹfọ̀n, ta ló ṣíwájú. Ìyá Ràfá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹfọ̀n ló ṣíwájú, fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì lè gun igi láìdúró sinmi, ilé iṣẹ́ ìyọ́rin kan wà nílùú wa, Ìdó-Ayùn. Iná tó wà nínú ìléru wọn kì í kú. Omi ni wọ́n fi ń tu àwọn ẹ̀rọ lára kí wọ́n má baà yọ́ pọ̀ mọ́ irin tí wọ́n ń lù. Omi a wọlé ní tútù, a jáde ní gbígbóná, wọn a sì dà á padà sódò Àbùwẹ̀ tí gbogbo wa ń mu. Obìnrin kan ló gba odò náà sílẹ̀. Àríyìíkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ó ga, ó dúdú, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ lókèèrè, ó sì gbé ẹnu kan bọ̀ wálé tó mú ju ayùn lọ. Òun ló kọ́ ilé kan tí kò ní òrùlé, tí kò ní yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sùn nínú rẹ̀. Ilé amómitutù ni a ń pè é. Wọn a fa omi gbígbóná gun òkè rẹ̀. Omi náà a máa já bọ́ sórí àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò léra wọn, a fọ́ sí wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ a gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, a já ooru gbà lọ́wọ́ omi, a sì gbé e gòkè lọ bí ìkùukùu. Kí omi tó dé ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ a ti balẹ̀. Àríyìíkẹ́ a máa wí pé, “Ẹ̀yin náà kì í da ògì gbígbóná láti inú igbá kan sí èkejì kó lè tutù fún ọmọ? Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Igbá tèmi ló kàn ga.”

Iṣẹ́ tèmi nínú ilé náà ni pé mo gé igi. Àwọn kan ní igi tí mo gé wọ́.

Lẹ́ẹ̀rùn ọdún kan, odò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti òkè wá, láti ibi tí ilé iṣẹ́ wa kò dé. Àwọn obìnrin tó lọ pọnmi figbe ta. Ẹja àrọ̀ léfòó, ojú wọn funfun, wọ́n ti jinná. Àwọn ọ̀lẹ kan kó wọn wálé, wọ́n fi ata sí i, wọ́n ní ire ti dé. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, nítorí omi tó ń móoru láìhó, gbogbo ìdọ̀tí ló ń bí ọmọ sínú rẹ̀. A sin ọmọ kan ládùúgbò mi. Ọ̀rọ̀ kọjá àwàdà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo yìnbọn fún àwòdì kan, àwòdì náà sì lọ já sínú ilé amómitutù. Mo gun ilé náà lọ sókè gọngọ láti wá a. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí iwin kan yọ lábẹ́ mi. Etí rẹ̀ kan gùn dé orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ìwọ lo ni ilé yìí?”

Ẹ gbọ́ o. Bí ẹnu mi bá jẹ́ ajá, ǹ bá ti tà á. Mo fọwọ́ sọ àyà, mo ní, “Ta ni ìbá tún jẹ́?”

“Ó dára,” ni iwin wí. “Ọba Igbó Arúku ló rán mi. Ìlú mẹ́ta ló ń yọ́ irin nínú igbó wa báyìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń da omi gbígbóná sódò yín láti orísun wá, ẹ̀rọ wọn náà sì ti ń bẹ́. Ọba ní kí onílé wá kọ́ irú èyí fún wọn. Bí ó bá ṣeé ṣe, odò á tutù fún àwa àti ẹ̀yin. Bí kò bá ṣeé ṣe, a ó fi onílé náà ṣe òpó ààfin.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ kíá, n kò rántí àwòdì mọ́. Ilé Àríyìíkẹ́ ni mo gbà lọ, iwin ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, tàbí níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n mọ̀. Nígbà tí mo rojọ́ tán, Àríyìíkẹ́ kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ọdẹ, onílé. Ìgbà wo lẹ ń lọ?”

“Ìwọ lò ń bá mi lọ,” ni mo wí. “Mo nílò ẹni tí yóò máa bá mi gbé òṣùwọ̀n.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀nà odò. “Ẹ jẹ́ ká lọ,” ló wí. “Kì í ṣe tìtorí yín o. A kò gbọdọ̀ sin ọmọ mìíràn.”

Ọ̀nà náà jìn, n kò sì ní fi í dá yín lágara. Ìlú tí a kọ́kọ́ wọ̀ ni Ìlú Adákẹ́, nínú kòtò ńlá kan tí àpáta yí ká. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ níbẹ̀ rí. Èéfín ààrò wọn dúró ṣánṣán bí òpó. Ìyẹ́ adìẹ tó bá bọ́, ẹsẹ̀ adìẹ náà ló máa ń bọ́ sí. Aṣọ́bodè ìlú náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì tó wú bí elégédé. Ó ti fa èémí kan sínú láti kékeré, kò sì fẹ́ kó tán, nítorí kò mọ ìgbà tí òmíràn yóò wá. Imú ló fi bá wa sọ̀rọ̀.

“Ẹni tí kò bá dáhùn àlọ́ mi kò wọlé. Kí ló ń gun òkè tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lákàbà?”

“Ọ̀bọ!” ni mo ké.

“Ọ̀bọ lẹ́sẹ̀.”

“Ọ̀bọ tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ ńkọ́?”

Àríyìíkẹ́ fi ìgúnpá ta mí kúrò níwájú. “Ooru ni,” ló wí. “Ohunkóhun tó bá gbóná, afẹ́fẹ́ tútù ló ń tì í gòkè.” Aṣọ́bodè mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí èémí má baà dànù, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Mo sọ fún àwọn àgbà ìlú náà pé irú èyí tó wà nílé la ó kọ́: kó kúrú, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àríyìíkẹ́ bi mí pé afẹ́fẹ́ wo ni yóò gba ẹ̀gbẹ́ náà wọlé. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, ṣé ọmọ ọdẹ kò ní lè pe afẹ́fẹ́ ni? Mo gun orí àpáta kan lójú gbogbo ìlú. Mo súfèé. Mo pọfọ̀: “Ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́, ìwọ tó ń da igi oko láàmú, máa bọ̀!” Mo pè é títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo fún ara mi pọ̀ láti pè é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ ní Ìlú Adákẹ́ lọ́jọ́ náà, ara mi ló ti jáde. Nígbà tó sì jẹ́ pé kò sí atẹ́gùn tí yóò gbé e lọ, ibi tó ti jáde náà ló dúró sí, àwọn ará ìlú ń gba ẹ̀yìn àpáta kọjá títí a fi kúrò níbẹ̀.

Àríyìíkẹ́ kò pe afẹ́fẹ́ kankan. Ó kọ́ ilé kan tó ga ju ìrókò lọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ìdí orù, tí ìbàdí rẹ̀ fún pọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì tún là díẹ̀ lókè. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dá ihò sí. “Bí omi gbígbóná bá ń já bọ́ nínú rẹ̀,” ló wí, “afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè. Bó bá gòkè, àyè á ṣófo. Àyè kì í ṣófo kí aládùúgbò má wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ ìta á máa wọlé fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gun àpáta.” Ó wò mí bó ti ń sọ èyí tó gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú omi sókè ilé náà, a dúró ní ìdí rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, eruku tó wà nílẹ̀ mira. Ewé gbígbẹ kan yí, ó tún yí, ó sáré wọnú ihò. Atẹ́gùn tútù gba ẹsẹ̀ wa kọjá. Aṣọ́bodè wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú wa, ó sì tú èémí tó ti ń tọ́jú láti kékeré jáde, fùùùù, ó fa tuntun. Bí ọmọ ìkókó ló ṣe ń sunkún. Èmi náà sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n eruku ni mo pè é.

A kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìlú Oníyọ̀, tó wà létí ọ̀sà oníyọ̀ kan láàárín igbó. Ìyá Oníyọ̀ ló ń jọba ibẹ̀. Iyọ̀ ti dì sí ìpéǹpéjú rẹ̀, bó bá ṣẹ́jú, a máa dún bí ẹni ń tẹ ìkarahun ìgbín. Òun náà pa àlọ́: “Mo jẹ irin, n kò léyín. Mo wọ omi, wọn kò rí mi. Ta ni mí?”

“Ìyá ìyàwó mi!” ni mo dáhùn kíákíá, ọkàn mi sì balẹ̀ pátápátá pé lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbà á.

“Iyọ̀ ni,” ni Àríyìíkẹ́ wí, “ohun tó sì bà mí lẹ́rù níbí náà nìyẹn.” Ó ṣàlàyé pé irin kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí. Amọ̀ sísun ni páìpù rẹ̀ yóò jẹ́, èèkàn igi la ó fi so pákó pọ̀. Ó ní kí n máa gbẹ́ èèkàn. Èèkàn gbígbẹ́ ń dá ni lápá, ìṣó sì wà nínú àpò mi. Mo fi ìṣó kan kan apá ibi tí mo rò pé kò lè rí. Àríyìíkẹ́ kò rí i, ṣùgbọ́n iyọ̀ rí i. Kí oṣù tó lé tó wọ̀, iyọ̀ ti jẹ ìṣó náà tán bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, pákó sì ya lulẹ̀ lé mi lẹ́yìn níbi tí mo ti ń ṣàlàyé fún Ìyá Oníyọ̀ bí iṣẹ́ mi ṣe lágbára tó.

Kí egbò ẹ̀yìn mi tó jinná, ogun dé. Àwọn iwin elégùsí tí oko wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú kó ọkọ́ àti àdá wá, wọ́n ní àwọn ń wá onílé. Ìkùukùu tó ń jáde lókè ilé náà ń gbé ẹ̀kán omi oníyọ̀ dání, ó ń wọ́n ọn sórí ègúsí wọn, gbogbo ewé ti jóná. Iwin elétí gígùn tó mú wa wá nawọ́ sí mi láìṣẹ́jú. “Onílé nìyí.” Wọ́n dè mí mọ́ igi àgbọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá kí wọ́n gbìn mí ní ìdúró tàbí ní ìdùbúlẹ̀.

“Àríyìíkẹ́!” ni mo ké. “Sọ fún wọn pé èmi kọ́!”

“Bàbá Ọdẹ, onílé kì í sá fún ilé rẹ̀,” ló dá mi lóhùn láti òkè, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó to àwọn pákó wíwọ́ kan sẹ́nu ilé náà, wọ́n rí kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà ejò, kò sí ibi tí ojú lè gbà rí ọ̀run tààrà. Ó ké sí àwọn elégùsí pé kí wọ́n wá wò ó. “Ooru fúyẹ́, ó lè yí kọ́nà. Ẹ̀kán omi wúwo, kò mọ kọ́nà í yí, á forí sọ pákó, á já padà sínú ilé.” Wọ́n tẹ́ ewé ègúsí tútù sábẹ́ ìkùukùu náà, wọ́n dúró dè é. Ewé náà kò gba iyọ̀. Wọ́n tú mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú àwọn kan kò dùn, wọ́n ti gbẹ́ ihò.

Ó ku ohun kan. Omi tó ń yí po nínú ilé náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá ooru lọ lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ìyókù wá ń dà bí ọbẹ̀ tó ń gbẹ lórí iná: bó ti ń dínkù ni iyọ̀ rẹ̀ ń le sí i, títí yóò fi dì ní funfun sínú páìpù, tí páìpù á dí. Dandan ni kí wọ́n máa da díẹ̀ nù, kí wọ́n bu tuntun sí i, kí ẹnìkan sì máa tọ́ ọ wò láti mọ ìgbà tó yẹ. Ẹnìkan náà ni èmi. Ẹ kò mọ̀ pé ìdí nìyí tí n kì í fi í bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ dòní? Ahọ́n mi ti dà bí ẹja gbígbẹ. Nígbà tí a ó fi lọ, Ìyá Oníyọ̀ lá ọwọ́ mi, ó ní mo ti di ọmọ ìlú.

Báyìí la ṣe dé orísun odò, ní Igbó Arúku fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná, omi sì kún inú rẹ̀. Aṣọ kì í gbẹ, iná kì í mú. Ìkùukùu lọba wọn, adé nìkan ni a ń rí lórí ìtẹ́, ohùn a sì máa ti ìsàlẹ̀ adé náà jáde. Ìléru wọn tóbi ju ti ìlú méjèèjì pọ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni odò wa ti ń gba ooru jù.

“Báwo ni ẹ ṣe lè mú omi mi tutù tó?” ni adé náà béèrè.

Àríyìíkẹ́ ń wo afẹ́fẹ́, kò tíì dáhùn. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, “Kábíyèsí, yóò tutù bí àpáta òwúrọ̀ ọyẹ́! Bí ẹ bá fi fọ ojú, eyín yín yóò máa gbá ara wọn!”

“Mo gbọ́,” ni adé náà wí. “Bí àpáta òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó dúró bí òpó.” Àríyìíkẹ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ títí mo fi rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án.

A kọ́ irú ti Ìlú Adákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n tú omi sí i. Omi gòkè ní gbígbóná, ó sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀ péré ni gbígbóná rẹ̀ dín, ó ṣì lè bó adìẹ. Àríyìíkẹ́ fọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó sì lọ jókòó sórí òkúta. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ ibí ti mu omi yó. Ẹni tó ti yó, kí lẹ fẹ́ kó tún jẹ?” Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù òpó wà níbẹ̀, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo fẹ́ tù ú nínú. Ohun tó wà nítòsí mi ni ṣòkòtò mi, tí mo ti sá láti ìgbà tí a ti dé, tí omi ṣì ń ro nínú rẹ̀. Inú bí mi sí i. Mo já a kúrò lórí okùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fì í nínú afẹ́fẹ́, wìì, wìì, mo ń bú u, mo ń bú ìyá tó hun ún. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Dàńṣíkí nìkan ló wà lọ́rùn mi, kò sì dé ibi tó yẹ kó dé. Àwọn iwin obìnrin tó ń pọnmi dúró wò mí, wọ́n ń na ìka.

“Bàbá Ọdẹ!”

Mo rò pé ó fẹ́ ní kí n bo ara mi. Àríyìíkẹ́ ti dìde. Ó gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ mi, ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ẹ tún un fì.” Mo fì í. Ó tún fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Ó tutù ju afẹ́fẹ́ lọ,” ló wí jẹ́jẹ́. “Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tutù. Àyè kékeré ṣì kù nínú ikùn afẹ́fẹ́. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ òkèlè kan péré, ká pe èèyàn púpọ̀ sí oúnjẹ náà.”

Bó ṣe mú ṣòkòtò mi lọ síwájú ọba nìyẹn, èmi ń sá tẹ̀ lé e, mo fi ewé kókò bo iwájú.

“Kábíyèsí,” ló wí, “ẹ fọwọ́ kan èyí. Bí aṣọ tútù yìí ṣe tutù mọ nínú afẹ́fẹ́ yín, ibẹ̀ ni òpin. Ilé tí ẹnikẹ́ni bá kọ́, omi rẹ̀ kò lè tutù kọjá ibẹ̀. Tèmi gan-an kò ní dé ibẹ̀ tán, yóò kù díẹ̀.”

Ìkùukùu na ọwọ́ kan jáde, ó di ṣòkòtò mi mú, ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọkùnrin yìí ṣèlérí àpáta ọyẹ́ fún mi.”

“Ẹnu rẹ̀ ló ṣèlérí, Kábíyèsí. Kò bi afẹ́fẹ́ yín bóyá ó ṣeé ṣe.”

Mo ti ń ronú irú òpó tí mo máa jẹ́, bóyá wọn á gbẹ́ mi ní imú tó dára.

“Ṣé ẹja á yè nínú omi tó rí báyìí?” ni adé náà béèrè.

“Àrọ̀ á yè. Èèyàn á mu ún, kò ní ṣe ọmọ wọn. Ìṣín, ẹja omi tútù, kò ní padà wá. Mo fẹ́ kó padà, ṣùgbọ́n n kò ní ṣèlérí rẹ̀.”

Ìkùukùu rẹ́rìn-ín, ìrì sì sẹ̀ sórí gbogbo wa. “Láti ìgbà tí mo ti jọba,” ló wí, “ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wá sọ ohun tí kò lè ṣe fún mi. Lọ kọ́ ọ.”

Ilé tó kọ́ síbẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó gùn bí òpópónà. Pákó inú rẹ̀ tò léra wọn ní ìlọ́po ti ìyókù. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ onírin tó fẹ̀ bí àgbàlá sórí rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, omi tó ń já láti orí òkè ní orísun ló sì ń yí wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ilé náà ń mí, ó ń fa igbó mọ́ra. Mo fẹsẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà mi wọlé. Omi sọ̀ kalẹ̀. Àríyìíkẹ́ fọwọ́ kan án, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọba ní ìlú òun kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ í tọ́jú. Abẹ̀bẹ̀ á yẹ̀, pákó á máa yọ̀ fún ewédò, ìkùukùu á máa yí padà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró. Iwin elétí gígùn tún yí ojú sí mi. “Kí onílé dúró.”

Mo wo Àríyìíkẹ́. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo rò ó pé ó yẹ kó lọ sílé. Mo sì ṣe ohun kan tí n kò ṣe rí: mo dúró lórí irọ́ mi lọ́jọ́ tó máa dùn mí. Mo ní, “Òótọ́ ni. Èmi ni onílé. N ó dúró.”

Àríyìíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun akin kan ṣoṣo tí mo ṣe láyé mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á.

“Bàbá Ọdẹ,” ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, “bí ẹ bá dúró ti ilé yìí, yóò wó kí iṣu tó jinná.” Ó wá di ọwọ́ mi mú. “Ẹ ṣé. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Nílé, ilé kan ṣoṣo ni mo ní, ó ti mọ ara rẹ̀. Níbí, mẹ́ta ló wà, kò sí èyí tó jọ èkejì, gbogbo wọn ló ń bi mí ní ohun tí n kò tíì mọ̀. Èmi ló wù láti dúró.”

“Kí ni n ó sọ fún wọn ní Ìdó-Ayùn?”

“Ẹ purọ́ díẹ̀ fún wọn, wọn kò ní gbà á bí ẹ kò bá purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa dárúkọ mi níbẹ̀.”

Mo bi í pé báwo ni a ó ṣe máa mọ̀ pé ó wà láàyè. Abẹ̀bẹ̀ kan ti ń dún lọ́nà tí kò dára, ó ti yíjú sí i, n kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo bá odò sọ̀ kalẹ̀ wálé.

Wọ́n ń wí lẹ́yìn mi pé àgbàlagbà yìí fẹ́ràn ìmọ́tótó, pé kò sí òwúrọ̀ tí kì í lọ ti ẹsẹ̀ bọ odò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Lọ́dún kan, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo jókòó sétí odò, n kò lè jẹun, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìyàwó mi rò pé wọ́n sà sí mi. Mo jókòó títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara rẹ̀ padà láàárín ìka ẹsẹ̀ mi. Nígbà náà ni mo béèrè oúnjẹ.

Òjò yìí ti ń dá. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ kó máa lọ. Láàárọ̀ yìí, kó tó bẹ̀rẹ̀, mo ti débẹ̀. Ó tutù.